Igi Máńgòrò Iwájú Ṣọ́ọ̀bù Písà

Ẹni tí ó bá ń kánjú lè kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́ẹ̀mẹwàá kí ó má mọ̀ pé wọ́n ń ta oúnjẹ níbẹ̀. Ojú ọ̀nà Ìjan ni ó wà, kí a tó jáde kúrò ní Adó pátápátá, láàárín ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà àti àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù. Pákó ni wọ́n fi kàn án. Páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà. Bẹ́ǹṣì mẹ́rin àti tábìlì méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tábìlì náà sì ń mì títí di ọjọ́ tí mo ká páálí sí abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni pátákó kékeré kan wà tí wọ́n fi ẹfun kọ PÍSÀ WÀ sí. Ní ọjọ́ tí kò bá sí, obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù á nu WÀ kúrò, á fi PÍSÀ nìkan sílẹ̀. Mo sọ fún un pé ìyẹn kò tọ̀nà, pé àlejò tó bá rí PÍSÀ yóò rò pé ó wà.

Ó ní, "Tísà, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n, àfi ẹ̀yin nìkan."

Àtinúkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ìyá Dùnmínínú ni a ń pè é, nítorí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, tó ti wà nílé ọkọ ní Ìlọrin. Ọmọ Ìgbẹ́mọ ni. Bàbá rẹ̀ gbin ìrẹsì títí ó fi kú. Nígbà tí Àtinúkẹ́ wà ní ọmọ ogún ọdún, ó gba iṣẹ́ àwo fífọ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Àkúrẹ́, níbi tí àwọn òyìnbó tó ń ṣe ojú ọ̀nà ti máa ń jẹun. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí písà. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ó ń fọ àwo, ó sì ń fi ojú jí iṣẹ́ náà díẹ̀díẹ̀, títí di ọjọ́ tí alásè wọn ṣàìsàn tí wọ́n sì rí i pé obìnrin tó ń fọ àwo mọ̀ ọ́n ṣe ju alásè lọ. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú, ó kó ẹrù rẹ̀ wá sí Adó, ó ní òun kò ní ṣe é fún òyìnbó mọ́, òun yóò ṣe é fún ẹni tó bá gbọ́ èdè òun.

Ohun tó mú kí písà rẹ̀ yàtọ̀ ni ààrò. Kò lo gáàsì. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni ààrò náà wà, ó rí róbótó bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, ó ní ẹnu kan níwájú. Ilẹ̀ ọ̀gán ni ó fi mọ ọ́. Oko bàbá rẹ̀ ní Ìgbẹ́mọ ló ti gbẹ́ ilẹ̀ náà, àpò mẹ́tàlélógún, ó sì fi ọkọ̀ tó ń kó ìrẹsì gbé e wá. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí iná bá pẹ́ lára amọ̀ lásán, amọ̀ náà á là, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọ̀gán kì í là, nítorí pé ikán ti fi itọ́ pò ó fún ọdún gbọọrọ kí èèyàn tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi mọ ọ́. Oṣù kan ló fi jẹ́ kó gbẹ. Lẹ́yìn náà ló ń da iná díẹ̀díẹ̀ sí i lójoojúmọ́, bí ẹni tó ń fún ọmọ tuntun lómi.

Igi tí wọ́n gé kù ní sọ́mììlì ló fi ń dáná. Ó máa ń se tòmátì àti ata rodo títí omi á fi gbẹ lára wọn, á fi kun ojú ìyẹ̀fun tó ti nà, á gé ẹ̀fínrín sí i, á ya ẹja àrọ̀ gbígbẹ sí i. Ṣíìsì wọ́n, nítorí náà díẹ̀ ló ń lò. Wàrà àwọn obìnrin Fúlàní ló ń rún mọ́ ọn. Bí ó bá jáde nínú ààrò, etí rẹ̀ a gbẹ, a máa dún lẹ́nu, àárín rẹ̀ a sì rọ̀, òórùn èéfín igi á wà lára rẹ̀. N kò jẹ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí ní abẹ́ páànù tó dípẹtà.

Ọjọ́ kìíní tí mo jẹ ẹ́, mo wò ó nínú àwo. Ó ti gé e sí mẹ́jọ. Kò sí méjì tó dọ́gba nínú wọn.

Mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí èyí fi tó ìlọ́po méjì èyí?"

"Ọ̀bẹ ló ṣe é, kì í ṣe èmi."

"Ọ̀bẹ kì í dá gé nǹkan."

Ó na ọ̀bẹ náà sí mi. "Ẹ gba ọ̀bẹ. Ẹ gé òmíràn, ká jọ kọ́gbọ́n."

Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama. Mo gé e gba àárín kọjá, mo yí àwo, mo tún gé e, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré. Mẹ́jọ, gbogbo rẹ̀ dọ́gba. Ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó dáadáa, ó wò mí.

"Ó dáa o, Tísà Ọgbọọgba."

Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ mi lára. Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bí a bá ti parí iṣẹ́, mo máa ń lọ síbẹ̀. Á gbé písà wá láìgé, á fi ọ̀bẹ lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á ké sí àwọn tó jókòó pé, "Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń gé nǹkan o! Tísà Ọgbọọgba dé!" Ọdún mẹ́jọ ni mo fi gé písà mi fúnra mi.

Ilẹ̀ tí ṣọ́ọ̀bù wà lórí rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ti ẹbí Modúpẹ́ ni. Modúpẹ́ àti Àtinúkẹ́ jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan náà. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n máa ń jókòó, ìwé orin kan ni wọ́n jọ ń wò, nítorí pé Modúpẹ́ kì í rántí mú tirẹ̀ wá. Àtí ni Modúpẹ́ ń pe Àtinúkẹ́. Dúpẹ́ ni Àtinúkẹ́ ń pè é. Modúpẹ́ ló bẹ àwọn àgbà ẹbí rẹ̀ pé kí wọ́n fún ọ̀rẹ́ òun ní ilẹ̀ náà lò, ní ìgbà tí ọ̀nà Ìjan ṣì jẹ́ pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ tí kò sí ẹni tó fẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n fún un. Wọn kò kọ ìwé. Ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ní kó máa mú wá lọ́dọọdún, bí wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀: iṣu mẹ́wàá àti gálọ́ọ̀nù epo pupa kan. Òun fúnra rẹ̀ ló fi písà mẹ́rin kún un. Kò sí ọdún kan tó jẹ wọ́n ní gbèsè.

Ilẹ̀ tí a bá fún ni báyìí ní òfin méjì, kò sì sí ọmọ àgbẹ̀ ní Èkìtì tí kò mọ̀ wọ́n. Èkíní: bí ẹni tí wọ́n fún bá ń mú ìṣákọ́lẹ̀ wá, tí kò sì ṣẹ̀, ẹnikẹ́ni kò lè lé e. Èkejì: kò gbọdọ̀ gbin igi tó ń pẹ́ láyé. Ó lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, nítorí pé ìwọ̀nyí á kúrò nílẹ̀ láàárín ọdún kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbin kòkó, tó gbin obì, tó gbin ọsàn, ohun tó ń sọ ni pé ilẹ̀ ti di tòun.

Ní oṣù tí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù náà, ní ọjọ́ Àìkú kan, mo ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rí Modúpẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ níwájú ibẹ̀. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó gbé ọ̀rá dúdú kan lọ́wọ́, ewé sì yọ lẹ́nu ọ̀rá náà. Mo kí i, ó kí mi, mo bá tèmi lọ. Nígbà tí mo padà wá ní ọjọ́ Ẹtì, igi máńgòrò kékeré kan ti wà nílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣọgbà yí i ká kí ewúrẹ́ má baà jẹ ẹ́.

Mo ní, "Ìyá Dùnmínínú, ta ló ní kẹ́ ẹ gbin èyí?"

Ó ní, "Dúpẹ́ ló mú un wá. Èmi náà bi í. Mo ní, Dúpẹ́, ṣé kò sí nǹkan? Ó ní, 'Ilẹ̀ bàbá mi ni, èmi ni mo sì mú un wá, kí ló tún kù? Oòrùn ń pa àwọn oníbàárà rẹ. Gbìn ín jàre.' Òun ló fọwọ́ tọ́ka ibi tí mo gbìn ín sí. Kò fẹ́ kí aṣọ rẹ̀ dọ̀tí."

Igi náà dàgbà. Láàárín ọdún mẹ́rin, a ti gbé bẹ́ǹṣì méjì sí abẹ́ rẹ̀. Abẹ́ ibẹ̀ ni mo ti ń gé písà mi. Modúpẹ́ náà a máa wá jókòó níbẹ̀ bí ó bá ti ọ́fíìsì dé, á bọ́ bàtà, á ní, "Àtí, mo ti dé o, ebi ń pa ọmọ onílẹ̀." Àtinúkẹ́ kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. "Igi wa" ni Modúpẹ́ ń pe igi náà. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n da ọ̀dà sí ọ̀nà Ìjan. Ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́tùn-ún lósì. Ọmọ Modúpẹ́ kan, Olúwatóbilọ́ba, ti Abújá dé, ó fẹ́ ibi tí yóò kọ́ ṣọ́ọ̀bù fóònù sí, ojú rẹ̀ sì wà lára ilẹ̀ náà. N kò mọ ohun tí wọ́n jọ sọ nínú ẹbí wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní oṣù Ẹrẹ́nà tó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹlé, akọ̀wé ẹbí náà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, mú lẹ́tà kan wá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé Ìyá Dùnmínínú ti gbin igi sórí ilẹ̀ ẹbí, pé kí ó wá sọ tẹnu rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Nígbà tí ó fi lẹ́tà náà hàn mí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Wọn ò mọ̀ pé ọmọ wọn ló mú un wá ni. Mo ti lọ bá Dúpẹ́. Ó ní kí n má ṣèyọnu, pé òun á sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi lọ, Tísà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń rí gbogbo nǹkan."

Mo bá a lọ. Ó gbé písà méjì dání, ó fi aṣọ bò wọ́n kí wọ́n má baà tutù.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹbí ni wọ́n jókòó sí, èèyàn bíi méjìlá. Bàbá Ọlálérè, olórí ẹbí, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, wà lórí àga tó ní ìrọ̀rí. Modúpẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Àtinúkẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbé písà sílẹ̀ níwájú bàbá.

Bàbá ní, "Ó ṣeun. Uyán ni mo jẹ kí n tó jáde o." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá kì í da ara rẹ̀ láàmú láti pè é ní iyán fún ẹnikẹ́ni. "Ìyá Dùnmínínú, ṣé o mọ òfin ilẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n, bàbá. Ọmọ àgbẹ̀ ni mí."

"Sọ ọ́ ká gbọ́."

"Ẹni tí wọ́n fún nílẹ̀ lò kì í gbin igi tó ń pẹ́."

"Kí ló wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ?"

"Máńgòrò ni, bàbá. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo mú un wá. Modúpẹ́ ọmọ yín ló mú un wá. Ó ní ilẹ̀ bàbá òun ni, pé kí n gbìn ín."

Gbogbo ojú yí sí Modúpẹ́. Ó ń fa òwú kan tó yọ létí ìborùn rẹ̀. Ó fà á, ó fà á títí òwú náà fi já.

Ó ní, "Ó ti pẹ́. Mi ò rántí pé mo mú igi kankan wá."

Àtinúkẹ́ wò ó. Ó dà bí ẹni pé ó ń dúró kí Modúpẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó ní eré lòun ń ṣe.

"Dúpẹ́."

"Mo ní mi ò rántí, Àtí."

"O ò rántí? Aṣọ funfun lo wọ̀. O ní kí n fi ọwọ́ tèmi gbìn ín kí tìrẹ má baà dọ̀tí. O tún ní..."

"Ẹ bá mi sọ fún un kó má pariwo mọ́ mi nílé bàbá mi."

Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹlé gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè. "Ìyá, ìbéèrè kan péré. Ọwọ́ ta ló kan ilẹ̀?"

"Ọwọ́ mi ni, ṣùgbọ́n..."

"Ọwọ́ yín ni. Ó parí."

"Kò tíì parí, sà. Mo ní ẹlẹ́rìí." Ó yíjú sí mi. "Ẹ sọ fún wọn, Tísà Ọgbọọgba."

Mo dìde. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń sọ fún àwọn ọmọ ilé ìwé pé ohun tí o kò bá lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, má kọ ọ́ sílẹ̀. Mo sọ ohun tí mo rí: ọjọ́ Àìkú, kẹ̀kẹ́, aṣọ funfun, ọ̀rá dúdú, ewé tó yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Ewé kí ni?" ni Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹlé bi mí.

"Nígbà náà, mo rò pé ẹ̀fọ́ ni."

"Ṣé ẹ rí inú ọ̀rá náà?"

"N kò rí i."

"Ṣé ẹ lè búra pé máńgòrò ni?"

"N kò lè búra."

Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn ní, "Ẹ̀fọ́ ni jàre! Ẹ̀fọ́ tó ń so máńgòrò!" Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ọlálérè pàápàá rẹ́rìn-ín. Modúpẹ́ kò rẹ́rìn-ín, ó wo ilẹ̀. Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un, ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹlé ti ní, "Ẹ ṣeun, tísà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ òtítọ́ yanjú," mo sì jókòó. Ó dùn mọ́ mi nínú díẹ̀ nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. N kò ní purọ́ nípa ìyẹn náà.

Bàbá gbé ìdájọ́ kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fún un láti kó kúrò. Igi náà yóò dúró, nítorí pé ohun tó bá ti ta gbòǹgbò, ti ilẹ̀ ni.

Písà méjèèjì ṣì wà nílẹ̀ lábẹ́ aṣọ nígbà tí a jáde.

A rìn títí a fi dé ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Ìgbà náà ni mo sọ ọ́, nítorí pé ó ti ń yọ mí lẹ́nu láti ìgbà tí mo jókòó.

Mo ní, "Ewé inú ọ̀rá yẹn, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó wà lókè pátápátá sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú."

Ó dúró. Ọmọ àgbẹ̀ ni, mi ò nílò láti sọ fún un bí ewé máńgòrò tuntun ṣe máa ń rí. Kò sí ẹ̀fọ́ ọjà wa tó rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú àwọn àgbà yẹn ni ìbá mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ rántí pé ó pọ́n?"

"Mo rántí."

"Ẹ ò sọ ọ́."

"Wọn kò bi mí ní àwọ̀ rẹ̀."

Ó wò mí bí ó ṣe wo Modúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ń dúró de ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, mo tẹ̀ lé e.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sí bẹ́ǹṣì abẹ́ igi náà. Ó ní, "Kì í ṣe ilẹ̀ ló ń dùn mí. Ilẹ̀ wà káàkiri. Ohun tí mi ò mọ̀ ni bóyá lọ́jọ́ yẹn gan-an ló ti ń rò ó. Bóyá nígbà tó wọ kẹ̀kẹ́, tó gbé igi yẹn lé itan, ó ti mọ̀ pé ọjọ́ kan á dé tóun á fi lé mi. Àbí ìfẹ́ ló fi mú un wá, tó jẹ́ pé ní oṣù tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ó wúlò? Tísà, èwo ló burú jù nínú méjèèjì?"

Mo gbá ewé tó jábọ́ sórí bẹ́ǹṣì kúrò.

Ó ní, "Ọdún mẹ́jọ ló fi jẹun lọ́dọ̀ mi. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti mọ irú oúnjẹ tó yẹ kí n máa gbé fún un."

Kò dúró di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni ọkùnrin tó ń lẹ táyà wá sọ fún mi pé Ìyá Písà ń wó ààrò. Mo sáré lọ. Ó ti ró ìró mọ́ àyà, ó mú ọmọ odó lọ́wọ́, ó ń gún ẹ̀yìn ààrò náà bí ẹni tó ń gún iyán. Bí èyí tó bó lulẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i, á fi ṣọ́bìrì bù ú sínú àpò sìmẹ́ǹtì. Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo ń bá a di ẹnu àpò. Kò ní kí n má di í. Kò sì kí mi kú iṣẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹlé wá síbẹ̀, Modúpẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, ó fọwọ́ kàn án.

"Ìyá, ẹ má gé e o. A ti sọ ọ́ ní ìpàdé."

Àtinúkẹ́ kò wo igi náà. "Ta ló ń bá igi yín ṣeré?"

"Ilẹ̀ tí ẹ ń bù yẹn ńkọ́? Ilẹ̀ ẹbí ni."

Ó dúró, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sí i. Ilẹ̀ pupa tí iná ti jó kún inú rẹ̀. "Ilẹ̀ yín wà lábẹ́ bàtà yín, sà. Ilẹ̀ Ìgbẹ́mọ lèyí. Ẹ bi mí bí mo ṣe gbé e wá, mo rántí. Àpò mẹ́tàlélógún. Mo rántí dẹ́rẹ́bà tó gbé e. Mo rántí ọjọ́ tí òjò pa wá dé ibí. Kò sí èyí tí mi ò rántí."

Akínyẹlé gbé ojú rẹ̀ kúrò. Modúpẹ́ sún mọ́ ọn.

"Àtí, ẹbí ni. Kì í ṣe èmi. O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọmọbìnrin nínú ẹbí. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀, wọ́n á ní mo ta ilẹ̀ wọn fún ará Ìgbẹ́mọ. Tóbi ọmọ mi náà sì..."

Àtinúkẹ́ ń bu ilẹ̀ rẹ̀ lọ.

"Máńgòrò ti pọ́n lórí," ni Modúpẹ́ sọ, bóyá nítorí pé kò mọ ohun mìíràn tí yóò sọ. "Ṣé o ò ní ká nínú máńgòrò rẹ kó o tó lọ ni?"

"Máńgòrò ta?"

Modúpẹ́ gbójú sókè wo igi náà.

"O ò rántí ẹni tó mú un wá. Èmi náà ò rántí ẹni tó gbìn ín. Jẹ́ kí ẹni tó ni ín wá ká a."

Àpò mọ́kàndínlógún ni a rí dì nínú mẹ́tàlélógún. Ìyókù ti bá iná lọ. Ọkọ̀ tó kó o lọ kò gba ẹlòmíràn, mo sì padà sílé pẹ̀lú ilẹ̀ pupa ní èékánná mi.

Ó ti lé ní oṣù mẹ́ta kí n tó gbọ́ pé ó ti wà ní Ìyìn. Mo wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn iṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni, yàrá kan tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́. Ìwé àdéhùn wà lára ògiri nínú férémù, òǹtẹ̀ lọ́yà wà lábẹ́ rẹ̀, ibi tí gbogbo ẹni tó bá wọlé yóò ti rí i. Ààrò wà lẹ́yìn. Ó kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ àwọ̀ ilẹ̀ náà. Kò sí igi kankan níwájú. Oòrùn ń pa àwọn tó jókòó síta.

Mo ní, "Ìyá Dùnmínínú, ẹ kú iṣẹ́ o."

Ó gbójú sókè. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹlẹ́ja ni àbí aláìlẹ́ja?"

Ó mọ èyí tí mò ń jẹ. Mo ní ẹlẹ́ja.

"Ẹ máa mú un lọ ni, àbí ẹ máa jẹ ẹ́ níbí?"

"Màá jẹ ẹ́ níbí."

"Ẹ jókòó, sà."

Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbẹ̀ kan tó gbé àdá ti ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó gbé písà wá. Kò sí ọ̀bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti gé e. Ó gbé e sílẹ̀, ó ní, "Ẹ gbádùn ẹ̀ sà," ó padà sẹ́nu ààrò.

Òórùn igi wà lára rẹ̀ bíi ti àtijọ́. Mẹ́jọ ni, ọ̀kan tóbi tó méjì, ọ̀kan kò ju ìka mẹ́ta lọ. Mo kọ́kọ́ mú èyí tó kéré jù.

Àgbẹ̀ náà wo àwo mi. "Hà, bàbá, wọ́n rẹ́ yín jẹ o. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe gé e ni? Ẹ pè wọ́n, ẹ bá wọn sọ ọ́."

Àtinúkẹ́ gbọ́. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìyẹ̀fun.

Mo ní, "Ó tó mi," mo sì jẹ ẹ́ tán.